Ọmọ Ẹja Kò Sunkún Rí

Ẹ sún mọ́ mi. Ìtàn Ìjàpá ni wọ́n fi tọ́ mi dàgbà lábẹ́ òṣùpá, ṣùgbọ́n Ìjàpá kọ́ ni mo fẹ́ sọ lónìí. Ọmọ ọmọ mi obìnrin ni, èyí tó ń kọ́ àwọn ọmọ wẹ́wẹ́ ní jẹ́lé-ó-sinmi, òun àti ọ̀rẹ́ rẹ̀ tí gbogbo ilé-ìwé ń pè ní Ẹlẹ́rìn-ín.

Yàrá kan náà làwọn méjèèjì ti ń ṣiṣẹ́. Ọ̀kan ń nu imú, èkejì ń so okùn bàtà. Ẹlẹ́rìn-ín fi ọdún mẹ́rin jù ú lọ, ẹ̀gbọ́n ló sì ń pè é. Tí Ẹlẹ́rìn-ín bá wá kí mi, á ní, "Màmá mi, ẹ ṣì lẹ́wà jù wá lọ!" Mo mọ̀ pé irọ́ ni, ṣùgbọ́n irọ́ ọ̀hún dùn létí.

Ohun kan ń jẹ ọmọ ọmọ mi lọ́kàn. Láràárọ̀, tí àwọn ìyá bá já ọmọ sílẹ̀, àwọn ọmọ kan á ké bíi pé ilé ń jó, kò sì ní pẹ́ tí wọn á máa ṣeré. Àwọn mìíràn kì í sunkún rárá, ṣùgbọ́n wọn kò ní fọwọ́ kan nǹkan ìṣeré títí di ọ̀sán. Kí ló fà á? Ló bá lọ ń kọ́ bí wọ́n ti ń ṣe ìwádìí ní kíláàsì kan ní gbogbo ọjọ́ Sátidé. Ọjọ́ kìíní tó dé, ojú rẹ̀ pọ́n.

"Màmá, gbogbo àwọn tí a jọ ń kọ́ ọ ló gbọ́n jù mí lọ. Ta ni èmi, anumú-ọmọ?"

"Ẹni tó ń nu imú ló ń rí ojú," mo ní. "Padà lọ."

Ó padà. Ó ra ìwé kan tó léèpo búlúù. Nítorí pé àwọn ọmọ náà kò tíì mọ̀wé, àwòrán ló wà lókè ibi tí oníkálukú ń gbé báàgì kọ́ sí: ẹja, agboòrùn, ìgbín. Àwòrán yẹn ló fi dípò orúkọ wọn. Bí ọmọ bá sunkún, á yí òdo kan sí i. Bí ọmọ bá wo ilẹ̀kùn, á fa igi kan. Oṣù mẹ́ta gbáko! Ó kọ́ èmi tí n kò mọ̀wé, mo sì ń ka ìwé yẹn bí ẹni ka ọmọ ìka. Ohun tó rí rèé: ọmọ tí ìyá rẹ̀ dágbére fún á ké, á sì dákẹ́. Èyí tí ìyá rẹ̀ yọ́ lọ mọ́ ọn lójú, ilẹ̀kùn ni yóò máa wò títí wọn yóò fi wá mú un.

Ọ̀gá ilé-ìwé wá kéde pé ìpàdé àwọn olùkọ́ ń bọ̀, ẹnì kan ṣoṣo ni yóò gba ẹnu ilé-ìwé wọn sọ̀rọ̀. Ọmọ ọmọ mi fẹ́ ẹ bí ojú, àyà rẹ̀ sì ń já. Ó ní tó bá di ọjọ́ Ajé, òun á sọ ti ìwádìí òun fún ọ̀gá.

Lọ́jọ́ Àìkú, ó jáde, Ẹlẹ́rìn-ín sì yà wá. "Màmá mi, àbúrò ní kí n bá òun mú ìwé búlúù yẹn." Èmi yìí ni mo fọwọ́ ara mi mú un fún un. Mo tún sìn ín dé ẹnu ọ̀nà!

Nígbà tí ọmọ ọmọ mi dé, mo sọ fún un. Ó rẹ́rìn-ín. "N kò rán an o. Bóyá ó fẹ́ kà á ni. Kò sí tèmi-tìrẹ láàárín wa."

Ilẹ̀ mọ́, kó tó lanu, ọ̀gá ti ń yin Ẹlẹ́rìn-ín fún ìwádìí "rẹ̀." Ọmọ mi fẹ́ sọ̀rọ̀, omijé ló jáde. Ọ̀gá ní kó lọ bọ́jú, kó yéé jowú. Ẹlẹ́rìn-ín tẹ̀ lé e dé ìdí ẹ̀rọ omi. "Àbúrò mi, ìwọ tí ẹ̀rù máa ń bà. Mo kàn bá ọ ru ohun tó wúwo jù fún ọ ni."

Ọmọ ọmọ mi ní òun kò ní lọ sí ìpàdé. Mo ní kó lọ jókòó sẹ́yìn, kó fetí ara rẹ̀ gbọ́ ọ. Bó ṣe rò ó fún mi nìyí.

Gbọ̀ngàn kún. Ẹlẹ́rìn-ín fi ẹ̀rọ àwòrán gbé àwọn ojú ìwé náà sára ògiri, wọ́n pàtẹ́wọ́. Bàbá olùkọ́ kan tó ti fẹ̀yìn tì nawọ́. "Ọmọ tó ní àwòrán ẹja yìí, igi mẹ́rìnlélógún láàárọ̀ kan. Kí ni igi yẹn?"

"Ẹkún ni, sà. Ìgbà mẹ́rìnlélógún ló ké. Ẹlẹ́kún gbáà ni!"

Gbogbo wọn rẹ́rìn-ín. Yàrá kan náà ni wọ́n wà o, ojoojúmọ́ ni ọmọ náà wà níwájú rẹ̀! Ẹ̀rín tí wọ́n ń fi ọmọ ọlọ́mọ rín ni ọmọ ọmọ mi kò lè gbà. Ó dìde.

"Sà, ọmọ ẹja kò sunkún rí. Ilẹ̀kùn ló ń wò."

"Báwo lo ṣe mọ̀?"

"Èmi ni mo fa igi yẹn."

Wọ́n ní kó bọ́ síwájú. Ó sọ ọ́ láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin, kò wo ìwé. Bàbá bi í ní ohun kan tí kò mọ̀. Ó ní, "N kò tíì mọ̀ ọ́n, sà. Mo máa wádìí rẹ̀." Ó ní ìgbà tí òun sọ ìyẹn ni ẹ̀rù kúrò lára òun.

Níta, Ẹlẹ́rìn-ín dì í lápá mú. "O tàbùkù mi lójú ayé! O ò lè ní sùúrù ká délé?"

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ̀ bá bi mí. À bá jọ lọ."

Ọ̀gá bẹ̀ ẹ́, ó sì ní òun á gbé Ẹlẹ́rìn-ín lọ sí yàrá mìíràn. Ọmọ mi kọ̀, ó ní àwọn méjèèjì ni ojú àwọn ọmọ mọ̀. Nítorí náà wọ́n ṣì jọ wà níbẹ̀. Ọmọ mi kì í pè é ní ẹ̀gbọ́n mọ́. "Mádàámù, ẹ bá mi di orí ọmọ yìí mú." Ẹlẹ́rìn-ín á dì í mú, òun á nu imú ọmọ, kálukú á sì yíjú sí ọ̀nà tirẹ̀.