Obìnrin Tó Ń Pọn Ìyá Ọkọ Rẹ̀

Apọ̀nyàá ni wọ́n ń pe obìnrin yìí ní àdúgbò. Kì í ṣe orúkọ tí bàbá rẹ̀ sọ ọ́, ẹnu ayé ló fún un. Ìlú wọn wà ní ẹsẹ̀ òkè ńlá, níbi tí ilẹ̀ kì í ti í dúró jẹ́ẹ́. Bí ilẹ̀ bá ti gbọ̀n báyìí, tí ife ń jó lórí tábìlì, gbogbo ará ilé á bẹ́ síta. Òun ní tirẹ̀, á kọ́kọ́ bẹ̀rẹ̀ níwájú bẹ́ẹ̀dì, á pọn ìyá ọkọ rẹ̀, á sì gbé e sọ̀ kalẹ̀ láti àjà kẹrin.

Àwọn aládùúgbò a máa ṣẹ̀fẹ̀ pé, "Ọmọ là ń pọ̀n, èwo ni ti ìyá?"

Arúgbó náà á dá wọn lóhùn láti ẹ̀yìn ìyàwó rẹ̀ pé, "Ẹni tó bá ń jowú, kó lọ wá ìyàwó tiẹ̀!"

Ọmọ kan ṣoṣo tí màmá yìí bí ni ọkọ Apọ̀nyàá, awakọ̀ ẹrù ni, ó sì ti kú. Ó wá ku àwọn méjèèjì sínú yàrá kan. Eékún màmá ti kọṣẹ́ sílẹ̀ tipẹ́. Apọ̀nyàá ń ṣiṣẹ́ níbi ìfọṣọ ilé ìwòsàn. Láti àárọ̀ ló ti máa ń fa aṣọ bẹ́ẹ̀dì tútù yọ nínú ẹ̀rọ, á sá wọn, á lọ̀ wọ́n, á ká wọn. Kó tó délé, ẹ̀yìn rẹ̀ á ti máa ké. Bí ilẹ̀ bá tún wá mì, ẹ̀yìn yẹn náà ni yóò tún tẹ́ sílẹ̀.

Tísà kan tó ti fẹ̀yìn tì ń gbé nísàlẹ̀ ilé náà. Lọ́jọ́ kan tí wọ́n jọ dúró síta lẹ́yìn tí ilẹ̀ mì, Apọ̀nyàá bi í pé kí ló ń ṣe ilẹ̀ yìí gan-an.

Tísà ki ìkúùkù méjèèjì mọ́ra, ó ń fi ọ̀kan ti èkejì. "Ilẹ̀ ńlá méjì ló ń ti ara wọn lábẹ́ wa. Ìkan ń bọ̀, èkejì ò kúrò lọ́nà. Bí èékánná ṣe ń hù, bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe ń rìn, o ò lè mọ̀. Níbi tí wọ́n ti há mọ́ra, agbára á máa jọ síbẹ̀ títí àpáta ò fi ní lè gbà á mọ́. Tó bá já lójijì, ohun tó ń mì wá nìyẹn."

"Ṣé àwọn kéékèèké yìí ò máa dín in kù ni, sà?"

"Ìba díẹ̀ ni. Tó bá tiẹ̀ wá dákẹ́ pátápátá, ìyẹn ló ń bà mí lẹ́rù jù. Àgbò tó bá tàdí mẹ́yìn..."

"Ẹ má parí ẹ̀, ẹ jọ̀ọ́. Ó ti rẹ̀ mí."

Lọ́sàn-án ọjọ́ ìsinmi kan, Apọ̀nyàá ṣẹ̀ṣẹ̀ na ẹ̀yìn lélẹ̀ ni gílóòbù òkè àjà bá bẹ̀rẹ̀ sí í fì. Ó ń gbọ́ gìrìgìrì ẹsẹ̀ àwọn èèyàn lórí àkàsọ̀. Kò dìde.

"Ìyàwó mi, ilẹ̀ ń mì o."

"Mo mọ̀, Màmá."

"Ṣé a ò lọ ni?"

"Ẹ jẹ́ kó wó!"

Ilẹ̀ dákẹ́. Ojú ti Apọ̀nyàá fún ohun tó ti ẹnu rẹ̀ jáde. Màmá ní, "Tó bá tún mì, máa dá lọ. Mo ti pẹ́ láyé."

"Ẹ má sọ bẹ́ẹ̀, Màmá."

"Kí ni kí n wá sọ? Ẹ̀yìn ẹ ni mo máa ń wà. Tá a bá ti dé àjà kejì, mò ń gbọ́ bí àyà ẹ ṣe ń lù, bíi pé ó fẹ́ já."

Tísà ti sọ ọ́ rí pé ẹsẹ̀ òun ṣì le, pé kí wọ́n wá gba yàrá òun, kí òun gba tiwọn. Màmá ló kọ̀ jálẹ̀. Yàrá tí ọmọ rẹ̀ gbé, tó kú sí, kò ní fi sílẹ̀. Lọ́jọ́ yẹn, ó wo ògiri yíká, ó ní, "Lọ bá tísà. Ọmọ mi ò sí nínú ògiri."

Báyìí ni wọ́n ṣe pààrọ̀ yàrá. Ilẹ̀ sì dákẹ́ fún oṣù bíi mélòó kan.

Ibi iṣẹ́ ni Apọ̀nyàá wà nígbà tí ilẹ̀ wá mì tìtì. Ìró kan ló kọ́kọ́ gbọ́, bíi ti ọkọ̀ ńlá tó ń gba abẹ́ ilẹ̀ kọjá. Ló bá di pé àwọn ẹ̀rọ ìfọṣọ ń rìn kúrò ní àyè wọn, òrùlé ń já. Nígbà tó lè dúró lórí ẹsẹ̀ rẹ̀, eré ló sá délé, nínú eruku tí kò jẹ́ kó rí ọ̀nà.

Àárín ọ̀nà ló ti bá màmá, ó jókòó, aṣọ rẹ̀ ti ya, àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ ń ṣẹ̀jẹ̀.

"Màmá! Ta ló gbé yín jáde?"

"Ta ni ì bá gbé mi? Ìdí ni mo fi wọ́." Ó rẹ́rìn-ín.

"Tísà ńkọ́?"

Màmá nàka sókè. Àkàsọ̀ ilé ti wó lulẹ̀ látòkè délẹ̀. Tísà yọrí ní fèrèsé àjà kẹrin. Oòrùn ti fẹ́ wọ̀ kí àwọn panápaná tó fi àkàbà gbé e sọ̀ kalẹ̀, apá rẹ̀ kan ti kán. Apọ̀nyàá kúnlẹ̀ sínú òkúta. "Ẹ má bínú, sà. Ibi tó yẹ kí n wà lẹ wà."

"Dìde jàre. Ṣé ìwọ lo ti ilẹ̀ ni?" Ó wo apá rẹ̀. "Yàrá yín dáa. Àkàsọ̀ ẹ̀ ni ò dáa."

Ọ̀pọ̀ èèyàn kú nílùú náà. Inú àgọ́ ni àwọn tó kù ń sùn, ní pápá ilé ìwé. Kò pẹ́ tí wọ́n fi pe Apọ̀nyàá padà síbi iṣẹ́, nítorí aṣọ bẹ́ẹ̀dì tó kún fún ẹ̀jẹ̀ ti ga ju orí èèyàn lọ. Kò sunkún níbẹ̀. Àyè ẹ̀ ò sí.

Nígbà tó dé lọ́sàn-án ọjọ́ kan, ó dojú bolẹ̀ lórí ẹní nínú àgọ́. Ilẹ̀ ṣì ń gbọ̀n lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan, aṣọ àgọ́ ń mì lórí wọn, kò sì sẹ́ni tó dìde. Màmá fi ìdí wọ́ sún mọ́ ọn, ó gbé ọwọ́ tí egbò rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń jiná lé e lẹ́yìn, ó ń tẹ̀ ẹ́ díẹ̀díẹ̀.

"Ibo ló ti ń dùn ọ́?"

"Gbogbo ẹ̀ ni, Màmá," ó wí, oorun sì gbé e lọ.