Ìbọn Wúwo Tí Bọ̀ọ̀dá Godfrey Ń Gbé Kiri

Gbogbo Lafiaji ló mọ ọjọ́ tí ìgalà dúró wo olóògbé Lọ́yà Godfrey lójú. Òun àti Jimoh, àbúrò àdúgbò tó ń ta aṣọ ní Adéníji Adélé, ti rìn jìnnà nínú igbó Ẹ̀pẹ́. Ọ̀pá ìbọn ráífù Godfrey nípọn, ó wúwo bí odó. Nígbà tó rẹ̀ ẹ́, ó gbé e ti igi, ó jókòó. Bí ìgalà ṣe yọ nìyẹn! Godfrey ń gbìyànjú àtigbé ìbọn sókè, ó ń mí hẹlẹhẹlẹ. Ìgalà wò ó títí, bí ẹni pé àánú ṣe é, ó bá tirẹ̀ lọ.

"Ṣó o rí i," ni Godfrey wí, "pé ọwọ́ mi ò gbọ̀n rárá?"

Ọ̀pá ìbọn ti Jimoh tín-ínrín, ó fúyẹ́. Èèyàn lè gbé e rìn látàárọ̀ dalẹ́, kó sì tètè nà án sí ẹran. Ṣùgbọ́n lọ́yà tó dàgbà sí kóòtù Igbosere kì í gbà bọ̀rọ̀.

"Tó o bá yin tìẹ lẹ́ẹ̀mẹrin, á gbóná, ọta á máa ṣìnà. Tèmi ò ní mira."

"Bọ̀ọ̀dá mi, ẹran wo ló fẹ́ dúró kẹ́ ẹ yìn ín lẹ́ẹ̀mẹrin?"

Kí ilẹ̀ tó mọ́, Godfrey ti fi ohùn gbọọrọ ránṣẹ́ lórí Wáàsáàpù: "Ọ̀gbẹ́ni Jimoh, kókó kìn-ín-ní..."

Lọ́dún tó kọjá, Jimoh ń lé òyà kan lọ, ló bá já sí àbàtà. Ẹrẹ̀ gbé e mì dé ìbàdí. Ìbọn rẹ̀ ti rì.

"Bọ̀ọ̀dá, ẹ gbà mí o! Mo ń rì!"

Godfrey dúró, ó ń yọ ọta ìbọn rẹ̀ níkọ̀ọ̀kan.

"Bọ̀ọ̀dá!"

"Mo gbọ́. Èmi kì í na ìbọn tó lọ́ta sí èèyàn."

Ó wá dọ̀bálẹ̀ gbalaja sórí koríko, ẹ̀gbọ́n dọ̀bálẹ̀ fún àbúrò, ó na ọ̀pá nínípọn náà sí i. Jimoh rọ̀ mọ́ ọn pẹ̀lú gbogbo ara. Ọ̀pá náà ò tẹ̀. Godfrey ń fà, ó ń kérora, títí Jimoh fi gúnlẹ̀ pẹ̀lú ẹrẹ̀ lẹ́nu.

"Ká ní tìẹ ni mo nà sí ẹ ńkọ́?"

Àmọ́ Godfrey yìí, tí kì í dákẹ́ lórí ọ̀rọ̀ ìbọn, kò sọ ti àbàtà fún ẹnikẹ́ni, kí wọ́n má baà fi àbúrò rẹ̀ ṣẹ̀sín.

Lẹ́yìn ìsìnkú Godfrey, Àǹtí Clementina, opó rẹ̀, gbé ìbọn náà jáde pé kí Jimoh bá òun fà á lé ọlọ́pàá lọ́wọ́. Ìbọn wúwo náà fẹ́rẹ̀ẹ́ bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀, ni Àǹtí bá bú sẹ́rìn-ín.

"Jimoh, gbogbo ọdún tí bàbá yìí fi gbé irin yìí kiri, kí ló tiẹ̀ gbé wálé?"

Jimoh náà rẹ́rìn-ín, rẹ́rìn-ín, títí ẹ̀rín fi di omi lójú rẹ̀.

"Èmi ni, Àǹtí," ó wí. "Èmi ló gbé wálé."