Ẹni Tó Ń Pọnmi Fún Ìyá Rẹ̀

Bí mo bá ti gbọ́ ìró omi tó ń dà sínú àmù, àbúrò bàbá mi ni mo máa ń rántí, mo sì máa ń dúpẹ́ pé mo bá a láyé. Láràárọ̀, kó tó jẹun, á pọnmi odò Kúdẹtì wá fún ìyá àgbà, ìyá tó bí i, nílé wa ní Ìsàlẹ̀ Òsì. Àwọn ìyàwó ilé a máa fi í ṣe yẹ̀yẹ́ pé, "Ọkọ wa, ìgbà wo ni wọ́n ń bọ̀ wá fẹ́ yín?"

Òun náà á ní, "Oṣù mẹ́sàn-án ni ìyá mi fi rù mí. Ṣé agbè omi kan ló máa wá wúwo?"

Á wá kígbe pé, "Ìyá, ṣé ó ti kún?"

"Ó kù díẹ̀," ni ìyá àgbà á wí, bẹ́ẹ̀ omi ti ń ṣàn lẹ́nu àmù. Ó kàn fẹ́ kí ọmọ òun tún padà wá ni.

Nígbà tí òyìnbó ń kó àwọn ọ̀dọ́ lọ sógun Kamẹrúùnù, àbúrò bàbá mi bá wọn lọ. Ìròyìn dé pé ó ti kú. Ìyá àgbà ò gbà. Kò jẹ́ kí a kírun òkú fún un, kò sì jẹ́ kí ẹlòmíì pọnmi sínú àmù yẹn.

Lọ́jọ́ kan, sójà kan gbé fìlà pupa tí àbúrò bàbá mi ń dé lógun wá.

"Ìyá, ọwọ́ mi yìí ni mo fi sin ín. Mo fara gbọgbẹ́, òùngbẹ ń pa mí. Ẹ̀ẹ̀mejì ló lọ bu omi fún mi. Ti àkọ́kọ́ ni mo mu tí mo fi yè. Níbi tó ti lọ bu ti èkejì ni ìbọn ti bà á."

Sójà náà gbé agbè, ó kọrí sí odò. Ìyá àgbà ò dá a dúró. Sójà náà pọnmi títí omi fi ń ṣàn lẹ́nu àmù.

Ìyá àgbà wò ó, ó ní, "Ó ti kún, ọmọ mi. O ṣeun."

Ó wá ní kí a lọ pe àlùfáà.