Àlejò Tó Mú Dádì Jókòó

Ní Sátidé tó kọjá, àwa obìnrin ìjọ wa ń tún gbọ̀ngàn ṣe ní Lanham, níbí ní Amẹ́ríkà, nígbà tí ọ̀kan nínú àwọn ìyàwó kéékèèké ṣí agolo ìpara tí wọ́n fi ń nu tábìlì, irú èyí tó ní òórùn ọsàn wẹ́wẹ́. Mo fi ìgbálẹ̀ sílẹ̀, mo jókòó. Wọ́n rò pé eékún ló ń dùn mí. "Àǹtí, ṣé kò sí nǹkan?" Mo ní kò sí. Òórùn yẹn ló kàn gbé mi padà sí pálọ̀ àwọn òbí mi, ní nǹkan bí àárín àwọn ọdún 1990, nígbà tí mo jẹ́ ọmọ ọdún mọ́kànlá. Mo fẹ́ sọ ọ́ fún ẹ̀yin tẹ́ ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣègbéyàwó, torí pé oore tí Ọlọ́run ṣe fún mi nínú pálọ̀ náà kò kéré.

Ilé wa wà nítòsí ọ̀nà ńlá kan ní Lanham, ọ̀kan nínú àwọn ilé tí wọ́n kọ́ mọ́ ara wọn lẹ́gbẹ̀ẹ́, tí ẹ máa ń gbọ́ ikọ́ aládùúgbò lára ògiri. Dádì ń ṣiṣẹ́ àkáǹtì ní ọ́fíìsì kan, kùtùkùtù ló sì máa ń jáde. Nọ́ọ̀sì ni Mọ́mì, ṣíìfù gígùn ló ń ṣe ní hòsípítù, ọ̀sán ní ọ̀sẹ̀ kan, òru ní ọ̀sẹ̀ kejì. Ẹnu ọ̀nà ni wọ́n ti máa ń pàdé, ọ̀kan ń bọ́ kóòtù, èkejì ń wọ tirẹ̀. Èmi ni mò ń gbé ọ̀rọ̀ wọn kiri. "Sọ fún dádì ẹ pé ọbẹ̀ ẹ̀gúsí wà nínú fíríìjì." "Sọ fún mọ́mì ẹ pé taya mọ́tò rẹ̀ ń fẹ́ afẹ́fẹ́." Nígbà mìíràn ó máa ń ṣe mí bíi pé èmi gan-an ni ilé ìfìwéránṣẹ́ Lanham.

Ọ̀rọ̀ kan wà tí wọn kì í fi rán mi, torí pé ọ̀rọ̀ tèmi ni. Dádì ti pinnu pé kí wọ́n fi mí ránṣẹ́ sí Ìbàdàn, kí n lọ máa gbé lọ́dọ̀ ìyá rẹ̀, kí n parí ilé ìwé níbẹ̀. Ọ̀pọ̀ ará ìjọ wa ló ń ṣe bẹ́ẹ̀ nígbà náà. Bí ọmọ bá ti ń gbọn èjìká sí àgbà, tó ń fèsì bí àwọn ọmọ inú tẹlifíṣọ̀n, ọkọ̀ òfuurufú ti dé nìyẹn. Bọ́lá, ọ̀rẹ́ mi tí a jọ ń kọrin nínú ẹgbẹ́ akọrin ọmọdé, lọ lẹ́yìn Ọdún Àjíǹde. Wọ́n ní kó wá kí wa kó tó lọ, ó sì di ọwọ́ mi mú. Mi ò fojú kàn án mọ́ títí di òní.

Mọ́mì kò fẹ́ kí n lọ. Ṣùgbọ́n bó bá ti bẹ̀rẹ̀, "Dádì, nípa ọ̀rọ̀ ọmọ yìí," kọ́kọ́rọ́ á ti máa dún lọ́wọ́ Dádì. "Mò ń bọ̀, mo fẹ́ lọ ra epo sí mọ́tò." Dádì kì í pariwo, kì í na ọwọ́ sí ẹnikẹ́ni. Ó kàn máa ń lọ ni. Mi ò rò pé mọ́tò kankan wà ní gbogbo Prince George's County tí epo inú rẹ̀ máa ń kún tó ti Dádì. Nígbà tó bá fi máa padà dé, Mọ́mì á ti sùn tàbí kó ti lọ síbi iṣẹ́.

Ní ọjọ́ Ìsinmi kan, pásítọ̀ wa kéde pé àwọn olùwádìí láti yunifásítì kan ń wá àwọn tọkọtaya tó wá láti Áfíríkà. Wọ́n fẹ́ mọ bí ọkọ àti aya ṣe ń gbé pọ̀ nígbà tí iṣẹ́ kò jẹ́ kí wọ́n rí ara wọn. Kò sẹ́ni tó nawọ́. Ta ló máa kó ọ̀rọ̀ ilé rẹ̀ fún àjèjì? Àfi Mọ́mì tó nawọ́ sókè. Dádì wo ọwọ́ náà bíi pé ara ẹlòmíràn ló ti jáde. Ṣùgbọ́n ṣé yóò wá fà á sílẹ̀ lójú pásítọ̀ ni?

Nígbà tí Sátidé tí àlejò fẹ́ wá pé, láti àárọ̀ la ti ń nu ilé. Mọ́mì fi ìpara ọlọ́sàn wẹ́wẹ́ yẹn nu tábìlì títí mo fi rí ojú mi nínú rẹ̀. Dádì de táì nínú pálọ̀ ara rẹ̀. Ó ní kí n lọ kàwé lókè. Mo lọ sókè lóòótọ́, àmọ́ orí àtẹ̀gùn ni mo dúró sí, níbi tí pálọ̀ ti hàn dáadáa.

Ọmọbìnrin òyìnbó kan ni olùwádìí náà, Carol lórúkọ rẹ̀. Ó ṣì ń kàwé lọ́wọ́, ṣùgbọ́n láti ẹnu ọ̀nà ni Dádì ti ń pè é ní Dókítà. Ó gbé ẹ̀rọ agbohùnsílẹ̀ kékeré sórí tábìlì. Bó ṣe fẹ́ tẹ̀ ẹ́ báyìí, Dádì ní kí a kọ́kọ́ gbàdúrà. Ó gbàdúrà fún yunifásítì, fún àwọn òbí Carol, fún ọkọ tí Carol kò tíì ní, àti fún bátìrì inú ẹ̀rọ. Kí ó tó ṣe àmín, Carol ti la ojú kan.

"Kí lẹ máa ń pe ara yín?" ni Carol béèrè.

"Dádì," ni Mọ́mì dáhùn.

"Mọ́mì," ni Dádì wí.

Carol ní kì í ṣe àwọn òbí wọn ni òun ń béèrè, àwọn fúnra wọn ni. "Àwa náà ni," ni Dádì fèsì. Ó wá bi wọ́n bóyá wọ́n máa ń sọ fún ara wọn pé wọ́n nífẹ̀ẹ́ ara wọn. Dádì wúkọ́. "Ìyàwó mi ni," ló wí. Carol ń dúró de ìyókù. Dádì wo àjà. "Èmi ni mo máa ń ha yìnyín kúrò lára gíláàsì mọ́tò rẹ̀ kó tó jáde lọ síbi iṣẹ́."

"Bẹ́ẹ̀ ni," ni Mọ́mì wí jẹ́jẹ́. "Kò pa á jẹ rí."

Lẹ́yìn náà ni Carol ní kí wọ́n mú ọ̀rọ̀ kan tí wọn ò fẹnu kò lé lórí, kí wọ́n bá ara wọn sọ ọ́ ní èdè tí wọ́n bá fẹ́. Òun kò ní dá sí i. Dádì ní kò sí irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ nínú ilé Kristẹni. Nígbà tó rí i pé Carol kò gbàgbọ́, ó ní ó dáa, kí wọ́n sọ ti híítà, torí pé Mọ́mì fẹ́ràn ooru jù.

Mọ́mì yí èdè padà sí Yorùbá. "Dádì, ẹ jẹ́ ká má tan ara wa. Híítà kọ́. Ọ̀rọ̀ ọmọ yìí ni."

Mo gbọ́ kọ́kọ́rọ́ nínú àpò. Dádì ti fẹ́rẹ̀ẹ́ dìde tán nígbà tí ojú rẹ̀ pàdé ti Carol, tó rọra ń rẹ́rìn-ín músẹ́ sí i. Ta ní í fi àlejò sílẹ̀ nínú pálọ̀ kó lọ ra epo? Wọn kò tọ́ Dádì bẹ́ẹ̀ ní Ìbàdàn. Ó tún jókòó. Ìgbà náà ni mo mọ ìdí tí Mọ́mì fi nawọ́ ní ṣọ́ọ̀ṣì.

"Ó dáa, sọ ọ́," ni Dádì wí.

"Ẹ má lé ọmọ mi lọ."

"Ta ló ń lé e? Ọ̀dọ̀ ìyá mi ló ń lọ, kì í ṣe inú igbó."

"Màmá dáa, mo mọ̀. Àǹtí mi tí wọ́n fi mí ránṣẹ́ sí ní Òṣogbo náà dáa."

"Àǹtí wo?"

"Mo kéré sí ọmọ yìí nígbà yẹn. Wọn ò fìyà jẹ mí, wọ́n tọ́jú mi. Àmọ́ nígbà tí mo padà sílé, ife tí wọ́n fi ń fún àlejò lómi ni ìyá mi gbé fún mi. Ìyá tó bí mi ń bi mí bóyá mo máa ń jẹ ata."

Dádì yíjú sí Mọ́mì. "O ò sọ èyí fún mi rí."

"Ìgbà wo ni mo rí yín kẹ́ ẹ jókòó?"

Ohùn tí Dádì fi sọ̀rọ̀ lẹ́yìn ìyẹn, mi ò gbọ́ irú rẹ̀ rí lẹ́nu rẹ̀. Ó ní ẹ̀rù ló ń ba òun. "Màmá pè lórí fóònù, ọmọ ní 'háì'. Háì! Fún ìyá mi! Mò ń jáde, mò ń wọlé, ọmọ ń dàgbà lẹ́yìn mi. Mo rò pé bó bá lọ sílé, á padà wá jẹ́ ọmọ mi."

"Ẹ̀yin ni kẹ́ ẹ kọ́ ọ, Dádì. Ẹ fún un ní àyè. Ẹ má fi iṣẹ́ yẹn rán Màmá."

Ẹ̀rọ náà dún kì, téèpù ti tán. Carol ní àkókò ti pé. Dádì kò tilẹ̀ wò ó, ó kàn gbé ọwọ́ sókè. "Dókítà, ẹ jọ̀ọ́, a ò tíì parí." Yorùbá ló fi sọ ọ́. Carol wo ọwọ́ náà, ó yí téèpù sí ojú kejì, ó sì tún tẹ ẹ̀rọ rẹ̀.

Nígbà tó ṣe, Dádì gbójú sókè. "Ìwọ tó wà lórí àtẹ̀gùn, sọ̀kalẹ̀." Mo sọ̀kalẹ̀ tẹ̀rùtẹ̀rù. "O ò lọ síbì kankan mọ́. Àmọ́ èmi àti ẹ la ni àárọ̀ Sátidé láti ìsinsìnyí lọ. Bíbélì Yorùbá la máa kà. Bí ìyá mi bá sì pè, wàá kúnlẹ̀ kí wọn."

"Lórí fóònù?"

"Lórí fóònù. Wọ́n máa gbọ́ ọ."

Mọ́mì dojú kọ ògiri, ó ń fi etí ìró rẹ̀ nu ojú. Lẹ́yìn náà ló gbé oúnjẹ wá. Carol ní òfin iṣẹ́ àwọn kò gbà kí òun jẹun. Mọ́mì béèrè bóyá iṣẹ́ ti parí. Carol ní bẹ́ẹ̀ ni. "Ó yá, àlejò lásán lẹ jẹ́ báyìí," ni Mọ́mì wí, Carol sì gbé mọ́ínmọ́ín lọ sílé.

A kò gbọ́ ohun tí wọ́n rí nínú ìwádìí náà rí, mi ò sì mọ ẹni tó tú Yorùbá yẹn fún wọn. Ṣùgbọ́n Sátidé lẹ́yìn Sátidé, èmi àti Dádì ka Sáàmù títí ahọ́n mi fi tú. Ibẹ̀ ni mo ti kọ́ èdè tí mò ń kọ yìí, ibẹ̀ náà ni mo sì ti mọ bàbá mi. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run.

Bí ọ̀rọ̀ líle bá sì tún dé láàárín àwọn méjèèjì, Dádì fúnra rẹ̀ ló máa ń fa àga kẹta sún mọ́ tábìlì. Kò sẹ́ni tó ń jókòó síbẹ̀. Ó ní Olúwa ni àlejò àwọn, òun kò sì jẹ́ dìde lójú Rẹ̀.

Dádì ti lọ sinmi báyìí. Mọ́mì ń gbé lọ́dọ̀ wa ní Lake Arbor. Ẹ̀yin ọ̀dọ́ ìsinsìnyí kì í rán ọmọ níṣẹ́ sí ara yín mọ́, fóònù lẹ fi ń ránṣẹ́ láti yàrá kan sí èkejì, ṣùgbọ́n ṣíìfù ṣì gùn bó ṣe gùn nígbà náà. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ọ̀rọ̀ ọmọkùnrin wa dá àríyànjiyàn sílẹ̀ láàárín èmi àti ọkọ mi. Ìhín ni wọ́n bí ọkọ mi, Yorùbá rẹ̀ kò ju "ẹ káàárọ̀" lọ. Mo ti fẹ́ bínú kúrò níbẹ̀ nígbà tí mo rí i tó na ọwọ́, tó fa àga kẹta sún mọ́ tábìlì bí Dádì ti máa ń ṣe. Mọ́mì ń bọ̀ láti yàrá rẹ̀, ó rí àga náà, ó yà sí kíṣìnnì, ó sì rọra pa ilẹ̀kùn dé.