Afárá Tí A Fi Ọwọ́ Ara Wa Tú

Nígbà tí mo wà ní kékeré ní Ìbà, igi ni afárá tó ń gbé wa kọjá sí ọ̀nà Ọ̀jọ́. Ẹ̀yin tí ẹ bá ilé lórí ilé níbẹ̀ lónìí kò lè mọ̀ pé odò àti àbàtà ni gbogbo ibẹ̀ nígbà náà. Lọ́dọọdún, bí òjò bá ti dáwọ́ dúró, agbo ilé kọ̀ọ̀kan a mú pákó kan wá, àwọn ọkùnrin a yọ èyí tó ti jẹrà, wọn a kan tuntun sí i. Bàbá mi ni olórí iṣẹ́ náà. Wọ́n fẹ́ràn afárá náà débi pé ìyá mi a máa fi wọ́n ṣe yẹ̀yẹ́ pé afárá ni ìyáálé òun.

Ìgbà tí owó epo rọ̀bì ń wọlé wìtìwìtì ni. Rédíò ń sọ lójoojúmọ́ pé agbára ń bọ̀ sọ́wọ́ ìjọba ìbílẹ̀, pé ohun tó jẹ́ tiwa, àwa la ó máa ṣe é. Bàbá mi gba ọ̀rọ̀ náà gbọ́ tinútinú. Kò pẹ́ tí òṣìṣẹ́ káńsù tuntun kan fi dé. Ó na tépù sórí afárá, ó kọ nǹkan sínú ìwé, ó ní irin àti pákó tuntun yóò dé kí ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ tó parí. Kò ní ká tú ti àtijọ́ o. Àwa la ṣe ìyẹn fúnra wa. Ìtìjú ni lójú bàbá mi kí irin ìjọba wá bá igi jíjẹrà lọ́dọ̀ wa, bí ìgbà tí àlejò pàtàkì bá dé tí a kò tíì gbálẹ̀. Wọ́n kó àwọn ọkùnrin jọ, wọ́n tú afárá láti àárọ̀ di ọ̀sán, wọ́n sì pín àwọn pákó tó ṣì dára. Èmi náà wà níbẹ̀, mo ń pàtẹ́wọ́.

Irin kò dé. Bàbá mi lọ sí káńsù, àwọn ibẹ̀ ní ìwé àṣẹ kò tíì ti ọ̀dọ̀ ìjọba ìpínlẹ̀ dé. Wọ́n lọ bá ti ìpínlẹ̀, àwọn yẹn ní ọ̀rọ̀ afárá ti kúrò lọ́wọ́ àwọn, kí wọ́n padà sí káńsù. Àwọn kan ní ká kó pákó wa jọ ká kàn án padà. Bàbá mi kọ̀, wọ́n ní bí káńsù bá rí afárá níbẹ̀, ìlú mìíràn ni yóò gbé irin náà fún. Òjò àrọ̀kúrò sì dé, odò kún.

Àárọ̀ ọjọ́ kan ni ìrọbí mú ìyá mi. Ilé ìgbẹ̀bí wà ní òdìkejì odò, a tilẹ̀ ń rí páànù rẹ̀ lókèèrè. Ìyá mi di igi mú létí omi, wọ́n wo ibi tí afárá wà tẹ́lẹ̀, wọ́n wá wo bàbá mi. Wọn kò pariwo.

"Bàbá wa, ẹ̀yin lẹ tú u," wọ́n ní. "Ẹ bá mi kàn án."

Ẹ̀yin ọmọ mi, mi ò tíì rí ojú àgbàlagbà tó rí bẹ́ẹ̀ rí. Bàbá mi kó sínú omi, wọ́n ń wá ibi tí ẹsẹ̀ lè tẹ̀, omi dé wọn lọ́rùn. Nígbẹ̀yìn, àwọn aládùúgbò tẹ́ ìyá mi sórí ọ̀kan nínú pákó afárá náà, wọ́n sì gbé wọn gba ọ̀nà jíjìn tó yí gba Òkókómáíkò. Mo ń sáré tẹ̀ lé wọn nínú ẹrẹ̀. Ojú ọ̀nà ni wọ́n bí àbúrò mi sí. Ọkùnrin ni. Kò ké.

Ní ọjọ́ kẹta, bàbá mi mú òòlù, wọ́n lọ bẹ̀rẹ̀ sí í kan afárá, láìbéèrè lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Agbo ilé kọ̀ọ̀kan ń gbé pákó wá, wọ́n ń gbé e kalẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ bàbá mi. Ìyá mi kò gba orí rẹ̀ kọjá títí wọ́n fi kú.

Ayé ti yí padà. Ọ̀nà ti di ọ̀dà, káńsù ti sún mọ́ wa débi pé a lè fẹsẹ̀ rìn dé ọ́fíìsì wọn, ṣùgbọ́n kò sí agbo ilé tó ń gbé pákó wá mọ́. Lánàá, níbi ìpàdé àdúgbò, ẹ ní káńsù ti wá wọ̀n gọ́tà ńlá iwájú ilé wa láti ṣe afárá tuntun sí i, pé kí àwọn ọ̀dọ́ kó pákó orí rẹ̀ kúrò lọ́la kí ibẹ̀ lè mọ́ dè wọ́n. Ẹ pàtẹ́wọ́. Ọmọ ọmọ mi tó lóyún oṣù mẹ́jọ ń gbé ní òdìkejì gọ́tà yẹn, ẹ̀rù sì ń bà mí gidigidi. Èmi àgbà kúnlẹ̀, mo bẹ̀ yín, ẹ má tíì fọwọ́ kàn án. Ẹ jẹ́ kí ti káńsù dé ná.