Káńfọ̀ Inú Àpótí Ìyá Ọkọ Mi

Nígbà tí mo bí àkọ́bí mi ọkùnrin, ìyá ọkọ mi wá kí wa láti Akótogbó, wọ́n gbé kẹ́ẹ̀gì epo kan àti àpótí aṣọ kan dání. Aṣọ wọn ló wà nínú àpótí yẹn, pẹ̀lú aṣọ tí ọkọ mi wọ̀ ní ìkókó. Ní ilé wọn, gbogbo àkọ́bí ló gbọ́dọ̀ wọ̀ ọ́ kí wọ́n tó sọ ọ́ lórúkọ. Màmá sì ti kó káńfọ̀ sí i, àwọn nǹkan róbótó funfun tí a fi ń lé kòkòrò kúrò nínú aṣọ. Bí wọ́n ṣe ṣí i ni òórùn gba gbogbo ilé wa ní Òkìtìpupa. Mo sín títí, mo rẹ́rìn-ín, mo wọ̀ ọ́ fún ọmọ mi.

Kò pẹ́ tí àwọ̀ ọmọ bẹ̀rẹ̀ sí í pọ́n. Inú wa mà dùn o! Èmi dúdú, ọkọ mi dúdú bí kóró iṣin.

"Ọma yìí á pupa o," ni Màmá ń wí fún gbogbo àlejò, àfi bíi pé àwọn ló kùn ún. Èmi náà ń fi fọ́tò rẹ̀ ránṣẹ́ kiri. Àṣé a ò mọ nǹkan kan. Nígbà tí mo rí i pé ẹyinjú rẹ̀ pọ́n bí ìyeyè, tí kò sì mu ọmú mọ́, àyà mi já. A gbé e, ó di ilé ìwòsàn.

Dókítà kò tíì fọwọ́ kan ọmọ tó ti fún imú pọ̀. "Ta ló kó káńfọ̀ sí aṣọ yìí?"

Mo yíjú sí Màmá. Ojú tí mo fi wò wọ́n kò dára rárá.

Wọ́n gba ẹ̀jẹ̀ ọmọ, wọ́n tẹ́ ẹ sábẹ́ iná aláwọ̀ búlúù, nítorí ibà pọ́njú ló ń ṣe é, bí ó bá sì wọ ọpọlọ, ó lè ba ayé ọmọ jẹ́. Dókítà wá ṣàlàyé. Jíìnì kan, ohun tí a ń jogún lára òbí, wà lára gbogbo ènìyàn, G6PD ni wọ́n ń pè é. Òun ló ń jẹ́ kí ara ṣe purotéènì tó ń dáàbò bo sẹ́ẹ̀lì pupa inú ẹ̀jẹ̀. Ti ọmọ mi kò ṣiṣẹ́ dáadáa. Bí irú ẹni bẹ́ẹ̀ bá fa káńfọ̀ símú, ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ á máa fọ́, ara rẹ̀ á sì pọ́n.

Mo fẹ́ bèèrè lọ́wọ́ ọkọ mi pé ta ló ní irú rẹ̀ nílé wọn, ni dókítà bá ní, "Ọ̀dọ̀ ìyá ni ọmọkùnrin ti ń gbà á."

Mo gbé ojú mi kúrò lára Màmá àti ọkọ mi.

Iná yẹn ṣiṣẹ́. Ọmọ mi tún ń fi igbe bèèrè ọmú, mo dúpẹ́ títí. Ṣùgbọ́n nígbà tí a délé, Màmá dúró sẹ́nu ọ̀nà, wọn kò wọ yàrá.

"Inú àpótí yẹn ni aṣọ ara mi náà ti wá," ni wọ́n wí, omi ń bọ́ lójú wọn. "Mi ò fẹ́ pa ọma mi."

Àánú wọn ṣe mí. Mo mú bùbá mi tó ṣẹ̀ṣẹ̀ gbẹ lóòrùn wá. "Màmá, ẹ wọ tèmi. Àbùkù ẹ̀jẹ̀ yẹn, ọ̀dọ̀ mi ló kúkú ti wá."

Wọ́n wò mí, ẹ̀rín pa wọ́n. "Ìyàwó wa, a jọ ṣe é nìyẹn!"

Bùbá náà fún wọn lápá débi pé agbára káká ni wọ́n fi na ọwọ́. Mo gbé ọmọ wọn lé wọn lọ́wọ́.