Ọgbà Oníná Àǹtí Télọ̀

Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ni gbogbo àdúgbò ń pè ní Àǹtí Télọ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ó ti pẹ́ tó ti fi maṣíìnì ìránṣọ sílẹ̀. Ojú ló kọ iṣẹ́ náà fún un. Kò rí ihò abẹ́rẹ́ mọ́. Ló bá ra ilẹ̀ kékeré kan lẹ́yìn ìlú, ó kọ́ yàrá kan sí i, ó kọ́ ilé ewúrẹ́ tì í, ó sì ń fi ewúrẹ́ ṣayọ̀. Tí mo bá lọ kí i, kó tó bi mí pé ṣé àlàáfíà ni mo wà, á ti ròyìn ewúrẹ́ tán. Mo máa ń sọ fún un pé èmi àbúrò rẹ̀ ò níyì tó òbúkọ.

Ibi tí wàhálà wà ni pé aládùúgbò rẹ̀, Bàbá Kábéèjì, gbin kábéèjì lọ rẹrẹẹrẹ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilẹ̀ náà, ewúrẹ́ ò sì mọ ààlà. Ọgbà onígi tí ẹ̀gbọ́n mi ṣe, wọ́n gba abẹ́ rẹ̀, wọ́n gba òkè rẹ̀. Nígbà tí wọ́n jẹ odidi ebè kan dé gbòǹgbò, bàbá náà ò pariwo. Ó kàn wá dúró lẹ́nu ọ̀nà.

"Àǹtí Télọ̀, mo bọ̀wọ̀ fún yín. Ṣùgbọ́n tí ewúrẹ́ yín kan ṣoṣo bá tún tẹ ilẹ̀ mi, gbogbo wọn lẹ máa kó kúrò níbí. Mo ti sọ ọ́ fún olórí àdúgbò."

Ẹ̀gbọ́n mi ò lè jẹun lọ́jọ́ náà. Bí wọ́n bá kó ewúrẹ́ lọ, kí ló kù fún un? Ilé á kàn pa rọ́rọ́.

Ẹnu oníná kan nínú ìlú ló ti gbọ́ nípa ọgbà oníná. Ó ní wáyà ni, iná mànàmáná díẹ̀díẹ̀ á máa gba inú rẹ̀ kọjá. Kì í pa ẹran, ó kàn ń ta wọ́n bí agbọ́n.

Mo ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ̀yin tí ẹ ò lè pààrọ̀ gúlóòbù?"

"Gbé ẹnu ẹ sọ́hùn-ún, kí o wá bá mi di òpó mú."

Òun fúnra rẹ̀ ló gbẹ́ ihò òpó. Ó kúnlẹ̀ síwájú ewúrẹ́ kọ̀ọ̀kan pẹ̀lú téèpù ìwọnṣọ, ó ń wọn ibi tí imú wọn ga dé bí ẹni ń wọn oníbàárà. Ó ní irun ara ewúrẹ́ kì í jẹ́ kí wọ́n mọ iná lára. Imú tó tutù ló ń mọ̀ ọ́n, ibi tí imú bá dé sì ni wáyà gbọ́dọ̀ gbà. Mo rẹ́rìn-ín títí ikùn fi ń dùn mí. Ó na wáyà, ó fi rọ́bà yà á kúrò lára òpó, ó so ó mọ́ àpótí kékeré kan tó ń lo bátìrì, tí sólà orí òrùlé ń fún lóúnjẹ. Àpótí náà á dún tá, á dákẹ́, á tún dún tá.

Oníná tó ta àpótí fún wa ti ní ká fi koríko tútù kan wáyà láti dán an wò. Mo fi kàn án, nǹkan kan ò ṣe mí. Mo ti fẹ́ máa fi ẹ̀gbọ́n mi ṣẹ̀fẹ̀. Àmọ́ ó lọ wo irin tí a rì mọ́lẹ̀, èyí tí wáyà kejì àpótí náà so mọ́. Ilẹ̀ ibẹ̀ gbẹ táútáú.

"Oníná ní ilẹ̀ ló ń gbé iná padà sílé. Ilẹ̀ gbígbẹ ò lè gbé e." Ó da omi korobá kan sí i. "Ó yá, tún fi kàn án."

Yéè! Nǹkan kan gbá mi láti ìka dé ìgbọ̀nwọ́, mo jókòó sílẹ̀ láìrò tẹ́lẹ̀. Ẹ̀gbọ́n mi rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Èmi ò lè rẹ́rìn-ín. Oòrùn tó ń ràn lórí òrùlé yìí ló wọ inú àpótí, tó gba wáyà, tó gba ara mi, tó sì wọ ilẹ̀ lọ. Mo wo ilẹ̀ tí mo ti ń tẹ̀ láti kékeré bí ẹni tí kò rí i rí.

Lẹ́yìn èyí, ó so ewé tútù mọ́ wáyà kí àwọn ewúrẹ́ lè wá fi imú kàn án. Wọ́n wá lọ́kọ̀ọ̀kan, wọ́n fò sókè lọ́kọ̀ọ̀kan. Èyí tí ẹ̀rù bà jù ni abo kan tó lóyún, tí à ń pè ní Jẹ́jẹ́. Láti ọjọ́ náà, àárín gbùngbùn ọgbà nìkan ló ń jẹ̀. Ẹni tí ejò bá ti bù jẹ rí, bó bá rí ekòló, á sá.

Jẹ́jẹ́ bímọ. Ọmọ tí a ò tíì bí nígbà tí à ń ṣọgbà, ta ló wọn imú rẹ̀? Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, a jókòó lẹ́nu ọ̀nà, la bá gbọ́ igbe. Ọmọ ewúrẹ́ náà ti gba abẹ́ wáyà ìsàlẹ̀ jáde, ó wà láàárín kábéèjì, kò sì mọ̀nà padà. Bàbá Kábéèjì ti nàró lórí ebè, ọkọ́ lọ́wọ́, ó ń wò ó.

Ẹ̀gbọ́n mi di àyà mú. "Mo gbé! Lọ pa iná! Lọ pa iná!"

N kò tíì dé ìdí àpótí tí Jẹ́jẹ́ fi sáré dé ìdí wáyà. Ó dúró, gbogbo ara rẹ̀ ń gbọ̀n. Ọmọ náà tún ké. Ló bá tẹ orí ba, ó ki í bọ àárín wáyà. Àpótí dún, ó ké, àpótí tún dún, ó tún ké, kò padà. Wáyà há mọ́ ọn lọ́rùn, iná ń ta á, ó sì ń tì í lọ títí ó fi já sí òdìkejì. Kò wo kábéèjì kankan. Ọ̀dọ̀ ọmọ rẹ̀ ló lọ tààrà, ó dúró kó lè mu ọmú. Mo ti gbọ́ tí wọ́n ń ki ìyá láìmọye ìgbà, ọjọ́ náà ni mo tó fojú rí ohun tí wọ́n ń kì.

Mo pa iná. A tú wáyà, a tẹ́ ẹ sílẹ̀ kó lè kọjá padà. Jẹ́jẹ́ kọ̀. Ẹ̀gbọ́n mi fi ewé tàn án, ó bẹ̀ ẹ́, ó fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ tẹ wáyà kó lè rí i pé kò sí nǹkan níbẹ̀ mọ́. Ewúrẹ́ náà ń wo wáyà tó ti kú, ó ń gbọ̀n, ó ń fà sẹ́yìn. Ọmọ rẹ̀ ti wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Kí ló tún kù tó máa mú un gbójú?

Bàbá Kábéèjì ju ọkọ́ sílẹ̀, ó ń bọ̀. Ẹ̀gbọ́n mi ti wà lórí ìkúnlẹ̀.

"Ẹ dákun, bàbá, ẹ fojú àánú wò ó."

Bàbá náà gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kọjá. Ó bẹ̀rẹ̀, ó gbé Jẹ́jẹ́ mọ́ àyà tòun ti ìdọ̀tí, ó gbẹ́sẹ̀ kọjá wáyà, ọmọ ewúrẹ́ ń tọ̀ ọ́ lẹ́yìn. Ó gbé e kalẹ̀ láàárín ọgbà.

"Èyí ò wá jẹun," ló wí. Ó yíjú sí ẹ̀gbọ́n mi. "Ẹ dìde, Àǹtí Télọ̀. Ẹ jẹ́ ká na wáyà kan sí i sísàlẹ̀, kí ọmọ yìí má tún mú ìyá rẹ̀ kọjá nínú iná."